Ìyàwó Mi Ló Ni Ariwo Yẹn

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ọ̀sán.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí orúnkún yín ọ̀tún tó ń yọ yín lẹ́nu látìgbà òjò. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ara líle, kó sì bá yín lórí ìjókòó, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń kà lóròó. Èmi náà wà láàyè. Mi ò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya. Ẹ mọ̀ pé ilé ìwé girama ni mo kà mọ, ọ̀rọ̀ kì í tò lọ́wọ́ mi bó ṣe ń tò lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìmọ̀wé ló ń jẹ́ kí n fà á ya. Ẹ̀rù ni. Mo máa ń kọ ọ́ dé ibi tó kàn, màá dìde lọ mu omi, màá rìn yíká ilé, màá sì padà wá rí i pé irọ́ ni mo ti kọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó le jù, kí n má bàa tún fà á ya. Kì í ṣe obìnrin tó ń tọ́jú Màmá ló fà á tí wọn ò fi jẹun mọ́. Èmi ni. Lọ́jọ́ ìsìnkú Màmá, nígbà tí ẹ dojú kọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí, tí ẹ ní, "Ìwọ tí a gbà pé kó o máa fún wọn lóúnjẹ, ta lò ń fún lóúnjẹ náà?", mo wà níbẹ̀. Bàtà mi ni mò ń wò. Obìnrin náà wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ. Kò sọ ohun tó mọ̀. Ohun tó mọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín báyìí.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lára máṣíìnì Bàbá. Ẹ rántí rẹ̀, èyí aláwọ̀ ewé tó ti ṣá, tí Bàbá ń gùn lọ tún aago ṣe láti ilé ìwé dé ilé ìwé, láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ rántí ariwo tó máa ń pa: kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí ẹni ń fi ṣíbí kan etí ife. Kó tó dé kọ́nà la ti ń gbọ́ ọ. Màmá á dìde, wọ́n á fa ìdábùú irin tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbàlà, wọ́n á sì gbé àwo méjì sórí tábìlì.

Ẹ ò sì ní gbàgbé ohun tí Bàbá máa ń sọ nígbà tí mẹkáníìkì bá ní kí òun bá wọn dín ariwo náà kù. "Má fọwọ́ kàn án o. Ìyàwó mi ló ni ariwo yẹn." Gbogbo ọkùnrin tó bá wà níbẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Èmi àti ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín. A rò pé Bàbá ń fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé aláriwo ni wọ́n. Màmá fúnra wọn á máa rẹ́rìn-ín láti ibi ìdáná. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, màá padà sídìí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí Bàbá di olóògbé lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, tí ìrántí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í jò bí garawa tó lu, èmi tí mo wà nílé pẹ̀lú wọn ni mò ń gun máṣíìnì náà lọ sí ilé ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ ọ̀dà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá ń bọ̀ láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ariwo yẹn á dé ilé ṣáájú mi. Màmá á fa ìdábùú. Nígbà mìíràn wọ́n á pe orúkọ mi. Nígbà mìíràn wọ́n á ní, "Baálé mi, aago mélòó lẹ tún ṣe lónìí?" Màá ní mẹ́ta, tàbí mẹ́rin. Wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," a ó sì jókòó jẹun. Bí obìnrin tó ń tọ́jú wọn bá bẹ̀bẹ̀ látàárọ̀, ṣíbí méjì péré ni wọ́n ń jẹ lọ́sàn-án. Oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ yẹn ló ń gbé wọn ró. Mi ò sọ èyí fún yín rí, nítorí ojú ń tì mí pé mò ń dáhùn bíi pé èmi ni Bàbá.

Nísinsìnyí, ẹ̀ṣẹ̀ mi. Àwa ọkùnrin mélòó kan wà tí a jọ máa ń gun máṣíìnì lọ́sàn-án Sátidé, lọ sókè ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Kò sí ẹni tí kò tíì lé lógójì nínú wa, ṣùgbọ́n tí a bá ti gun máṣíìnì, ọmọdé ni gbogbo wa. Èmi ni mo máa ń gbẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn tí à ń pè ní Ọ̀gá Eré sọ mí ní Baba Ṣíbí, nítorí ariwo náà. Á ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́, mò ń gbọ́ ṣíbí! Baba Ṣíbí ti ń bọ̀, ẹ yáa bu oúnjẹ sílẹ̀ fún un!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí. Mo ti pààrọ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, ìyàwó mi ti lọ nítorí pé ìdí mi kì í gbé ibì kan. Ó wá dà bíi pé tí mo bá lè kọ́kọ́ dé orí òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ohun kan nínú mi á jókòó.

Ẹnì kan ló sọ fún mi nípa kámúṣáàfù. Ọ̀pá irin kékeré kan ni, ó wà lórí ẹ́ńjìnnì, ó ní kókó méjì lára tó rí bí orí ẹyin. Bó ṣe ń yí, àwọn kókó náà ló ń ti fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré inú ẹ́ńjìnnì, ṣí, kí ẹ́ńjìnnì lè mí sínú kó sì mí síta. Tí kókó náà bá ga sí i, fáàfù á ṣí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì á mí kanlẹ̀, á sì sáré. Ẹ ti sọ fún mi lórí fóònù tẹ́lẹ̀ pé kí n fi máṣíìnì Bàbá sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi." Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí ọjà ẹ̀yà ara máṣíìnì.

Obìnrin kan ni mo bá ní ṣọ́ọ̀bù náà, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún girísì, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí káńtà, ó to kámúṣáàfù mẹ́ta sórí rẹ̀. Ó ní àkọ́kọ́ máa ń fúnni lágbára díẹ̀ níbi téèyàn ti ń gbéra, ohùn ẹ́ńjìnnì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ̀kejì wà láàárín. Ẹ̀kẹta ni kókó rẹ̀ ga jù: tó bá ń sáré, á fò, ṣùgbọ́n tó bá dúró, á máa ta gìrì bí ẹni tí wọ́n ń lé, tí a bá sì rọra gùn ún, á máa kú. Ó wá bi mí pé, "Ọ̀gá, ibo lẹ ń gùn ún lọ lójoojúmọ́, ta lẹ sì máa ń gbé? Ìyẹn ni mo fi ń mọ èyí tí màá tà."

Mo ní Màmá mi ni mo fẹ́ máa gbé lọ sí ilé ìwòsàn orí òkè. Irọ́ ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ta nígbà náà tí Màmá ti gun máṣíìnì kẹ́yìn, táksí la fi ń gbé wọn. Obìnrin náà ní tó bá jẹ́ ti màmá ni, àkọ́kọ́ ni kí n mú. Mo nawọ́ sí ẹ̀kẹta. Ó wò mí, ó wo ẹ̀kẹta, ó ní, "Màmá yín fẹ́ràn eré sísá nìyẹn." Títí dòní ni ọ̀rọ̀ yẹn ń ta mí létí.

Kò sí ìkankan nínú wọn tó wọ ẹ́ńjìnnì Bàbá, ó ti pẹ́ jù, wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Obìnrin náà ní kí n gbé èyí tó wà nínú rẹ̀ lọ bá ọ̀gá tó ń gé irin, kó gé ìdí kókó rẹ̀ wálẹ̀ kí orí rẹ̀ lè ga bíi ti ẹ̀kẹta. Ọ̀gá agérin yẹn gbé e sábẹ́ iná, ó wọ̀n ọ́n yípo, ó tún un wọ̀n. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, kámú yìí ò jẹ rárá. Bí ẹni ra á lánàá ni. Kí ló ṣe é?" Mo ní ó ń pariwo. Ó ní, "Òun kọ́ ló ń pariwo. Àlàfo tó wà láàárín òun àti fáàfù ni ẹnì kan fi sílẹ̀ jù. Lọ dín in kù, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni." Ó tún wá sọ fún mi pé, "Irin tí mo bá ti gé kúrò, mi ò lè dá a padà o." Mo ní kó gé e. Mo dúró tì í, mo ń wo bí iná ṣe ń ta lára irin Bàbá, ojú Ọ̀gá Eré ni mò ń rí.

Mo sì kọjá lára rẹ̀ ní Sátidé yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Máṣíìnì náà fò gun òkè bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ọ̀gá Eré bọ́ akoto rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Baba Ṣíbí, ṣíbí dà?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìgbádùn tí mo rí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò ju ìyẹn lọ.

Mo délé láago márùn-ún. Ẹ́ńjìnnì náà ń dún gbùdù, gbùdù-gbù, ó ń mi gbogbo fèrèsé. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Mo gbọ́ ohùn Màmá nínú ilé: "Àlejò kan wà níta. Ẹ bá mi sọ fún un pé baálé ilé ò tíì dé." Mo fi kọ́kọ́rọ́ mi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo ní, "Màmá, èmi ni." Wọ́n kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n fún mi ní àga, wọ́n ní kí n dúró de baálé àwọn, pé kò ní pẹ́ dé. Àwo méjì wà lórí tábìlì. Wọn ò fọwọ́ kan ìkankan.

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin tó ń tọ́jú wọn pè mí sẹ́yìnkùlé. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ohùn máṣíìnì yẹn padà. Òun ni Màmá fi ń mọ̀ pé àsìkò oúnjẹ ti tó." Mo ní kó má sọ ìsọkúsọ, pé ọjọ́ orí ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ọjọ́ orí ni. Kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí mo jẹ́: Sátidé mẹ́ta ló wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, mo sì gun òkè ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí mo wá rí i tí òrùka Màmá ń bọ́ fúnra rẹ̀ kúrò ní ìka wọn, ojú mi là. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá sókè sá sódò. Mo fi ẹsẹ̀ rìn wálé, mo kan ilẹ̀kùn. Mo dé fìlà Bàbá. Ọjọ́ kan wà tí mo dúró sábẹ́ fèrèsé, tí mo ń fi ṣíbí kan etí ife, kẹ́-kẹ́-kẹ́, àgbàlagbà bíi tèmi. Màmá ní, "Ta ló ń fi ife ṣeré níta yẹn? Ẹ ní kó má fọ́ ọ o."

Mo wá kámúṣáàfù bíi ti tẹ́lẹ̀ kiri. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi wá a kí n tó rí ẹ́ńjìnnì àlòkù kan tó jẹ́ irú rẹ̀ gan-an. Mo tú kámú rẹ̀, mo fi sínú tiwa. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní ṣe é bákan. Mo ṣí ìwé máṣíìnì náà, mo mú irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, mo ṣe é bí ìwé ṣe wí gẹ́lẹ́. Nígbà tí mo tan ẹ́ńjìnnì náà, ó ń lọ wẹ́rẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun. Kò pariwo rárá. Ẹ̀yin ẹ wo òmùgọ̀: inú mi dùn pé mo ti tún un ṣe.

Mo gùn ún délé láago márùn-ún. Mo yọjú wo inú ilé láti fèrèsé. Màmá jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn lórí àpótí, ọwọ́ wọn wà lórí ìdábùú. Wọn ò gbọ́ mi. Ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín àwa méjèèjì, ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Wọ́n pẹ́ lónìí. Aago ti pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn." Ọ̀gá agérin ti sọ fún mi lójúkojú pé àlàfo ni. Nígbà tí mò ń wá ohùn Bàbá káàkiri, àti lọ́jọ́ yẹn pàápàá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni mo tẹ̀ yín láago pé kí ẹ máa bọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ ta máṣíìnì náà, nítorí mi ò lè wò ó mọ́. Mo tú àpò awọ tó wà lábẹ́ ìjókòó. Láàárín àwọn sípánà, mo rí ohun kan tí mo ti ń rí láti ọdún mẹ́fà tí mo rò pé pàǹtí ni: àjákù sípíríǹgì aago, irin pẹlẹbẹ kan tí kò gùn ju ìka lọ, wọ́n fi ìwé wé e. N kò tú ìwé náà wò rí. Mo tú u. Ọwọ́ ìkọ̀wé Bàbá ni, kékeré, tó tò bí eyín aago. Ohun tó wà níbẹ̀ ni, "Ti ìyàwó mi."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tí Bàbá fi ń wọn àlàfo fáàfù nìyẹn. Ojú lásán ti tó láti rí i pé ó nípọn ju èyí tí ìwé wí lọ. Ẹni tó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kó sì gbọ́ pé aago ogiri ti ń falẹ̀, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kò ní gbọ́ ariwo tó wà láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀? Wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n kó má bàa kéré, kó má sì pọ̀ jù, kí Màmá lè máa gbọ́ pé àwọn ń bọ̀. "Ìyàwó mi ló ni ariwo yẹn." Yẹ̀yẹ́ kọ́. Ti Màmá ni lóòótọ́. Bàbá fún wọn ni, bí èèyàn ṣe ń fúnni ní aṣọ. Gbogbo ìgbà tí Màmá ń rẹ́rìn-ín níbi ìdáná, àwọn nìkan ló mọ ohun tó ń pa àwọn lẹ́rìn-ín.

Mo fi irin náà ṣe àlàfo yẹn. Mo tan ẹ́ńjìnnì. Kẹ́-kẹ́-kẹ́. Bákan náà ni, kò yẹ̀. Mo gùn ún dé ìgbẹ̀yìn àdúgbò, mo yí padà, mo sì wọ kọ́nà wa láago márùn-ún. Ìyá àgbà òdìkejì títì yọjú láti fèrèsé, ó rí i pé èmi ni, ó rọra pa fèrèsé rẹ̀ dé. Mo dúró síwájú ilé. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Etí mi ń retí ìdábùú. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, ṣùgbọ́n mo jókòó sórí máṣíìnì náà, mo ń retí ìdábùú.

Mo ti lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó tọ́jú Màmá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé òun ti gbàgbé. Kò tíì gbàgbé. Láti ọjọ́ yẹn, kò tíì rí ilé mìíràn tó gbà á síṣẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti tàn kálẹ̀. Ó ní tí ó bá jẹ́ ti òun, ẹnu yín ni òun ti fẹ́ gbọ́ pé òun ò jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí i. Èyí tó bá kù, orí mi ni kí ẹ dà á lé.

Ẹ ò ní fẹ́ rí mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Sátidé kejì tó ń bọ̀ yìí, màá gun máṣíìnì náà wá sí ìlú yín, màá dé láago mẹ́rin ọ̀sán. Mi ò ní kan ilẹ̀kùn, mi ò ní pè yín lórí fóònù. Ẹ ó gbọ́ mi láti kọ́nà. Tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn, ó dára. Tí ẹ ò bá ṣí i, màá ka ení dé ọgọ́rùn-ún, màá sì yí padà, mi ò ní bínú, ìwọ̀n tó tọ́ sí mi nìyẹn. Ó kàn jẹ́ pé mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni etí tó kù láyé tó mọ ohùn yẹn.

Kí Ọlọ́run tó gba Màmá àti Bàbá máa ṣọ́ ilé yín. Kó fún orúnkún yín ní ìsinmi, kó fún àwọn ọmọ yín ní ọkàn tó ń jókòó jẹ́ẹ́, èyí tí èmi ò ní. Ẹ ó pẹ́ láyé fún wa. Ẹ ò ní dúró de ẹni tí kò ní dé.

Èmi ni àbúrò yín kan ṣoṣo,
tí Màmá sọ ní Jókòó-Jẹ́ẹ́.

Àfikún: Ẹ rọra ṣí àpò ìwé yìí, àjákù sípíríǹgì náà wà nínú rẹ̀, nínú ìwé tí Bàbá fi wé e. Mi ò kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Àlàfo tí mo ṣe yẹn á gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló máa ń yí padà, ohùn náà á sì máa lọ. Tí ẹ bá máa jáde, ẹ bá mi mú un dání.